Orí Ọmọ Mi Dà?

Ó ti pé ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà jẹun ní Abẹ́òkúta. Fídíò orin ni mo máa ń ṣe jù: fújì, orin ìyìn, tàka-súfèé àwọn ọ̀dọ́. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ wá dúró níwájú kámẹ́rà, àti nítorí àwọn tó máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ bíi tèmi, kí ohun tó ti ọwọ́ mi ṣẹlẹ̀ má baà ti ọwọ́ tiwọn náà ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Pańṣẹ́kẹ́, èmi ni ẹ̀karùn-ún. Mo ru iná, mo ká wáyà, mo tan jẹnẹrétọ̀, títí wọ́n fi gbà kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti ya obìnrin nìyí: bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, máa gòkè díẹ̀díẹ̀, dúró ní ìbàdí, má kánjú dé ojú. Ti ọkùnrin tó ń kọrin yàtọ̀. Kámẹ́rà á lọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo Òkè Olúmọ. Kò sẹ́ni tó pè é lófin, iṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn tó kọ́ mi lọ. Wọ́n ń yìn mí, ìyìn náà sì ń dùn mọ́ mi. Mo gbà lọ́kàn mi pé tó bá ti jẹ́ obìnrin ló di kámẹ́rà mú, kò lè sí ohun tó máa fi ìyà jẹ obìnrin nínú àwòrán yẹn. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí àwọn yòókù.

Lọ́dún 2021, olórin kan gbé iṣẹ́ wá. Ó fẹ́ odò ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ó fẹ́ mọ́tò tó ń dán, ó fẹ́ ọmọbìnrin mẹ́rin. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá àwọn ọmọ náà, torí obìnrin bíi tiwọn ni mí, wọn ò ní bẹ̀rù mi. Mo tètè rí mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ni ọmọ ìyá aláró kan ní Ìtòkú, ọmọ ogún ọdún, tó ti ń jó bàtá láti ìgbà tó wà nínú ẹgbẹ́ eré ìbílẹ̀ nílé-ìwé girama. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun àti ọ̀rọ̀ yìí tún pàdé.

Ó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n jó?” Mo ní, “Wàá jó, àwọn èèyàn á sì mọ̀ ẹ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu mi bí omi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà la fún un, owó ọwọ́, kò sí ìwé kankan. Ó sì jó lóòótọ́. Oòrùn ọ̀sán gangan, lórí sìmẹ́ńtì etí omi, ó jó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù sọ̀rọ̀, èjìká rẹ̀ ń dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ àṣírí kan tí àwa ò mọ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Mo ya gbogbo rẹ̀ láìfo kankan.

Òru ni mo gé àwòrán náà, torí òru ni iná dé. Olórin jókòó tì mí. Bí a bá ti dé ibi tí ọmọ yẹn ti ń jó bàtá, á ní, “Ẹ fo ìyẹn, ẹ wá ibi tó ti yí ìdí.” Mo wá a. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, torí ẹni tí kò gé àwòrán rí lè rò pé kámẹ́rà nìkan ló lẹ̀bi. Èèyàn á fa àwòrán náà tóbi títí orí á fi bọ́ síta lókè, tí ẹsẹ̀ á sì bọ́ síta nísàlẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù láàárín, á dín eré rẹ̀ kù kó lè máa lọ́ra. Á wá fi ojú olórin tẹ̀ lé e, kó lè dà bíi pé olórin ló ń wò ó. Á tún padà sí ìdí. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin márùn-ún, kò sí òǹwòran tó máa bèèrè mọ́ pé ta nìyí. Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi yọ orí ọmọ ọlọ́mọ kúrò nìyẹn, láago méjì òru, tí mo ń mu mílò.

Fídíò jáde, ó sì tàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sọ ọ́ di sítíkà WhatsApp. Ìdí lásán, tó ń yí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kọ síbí. Àpá kan wà lẹ́yìn orúnkún ọmọ náà, omi gbígbóná ló ta sí i nídìí aró nígbà tó wà ní kékeré. Àpá yẹn ni àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fi dá a mọ̀. Wọ́n gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò.

Ọjọ́ kejì ló wọ ṣọ́ọ̀bù. Aró ti kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́, abẹ́ èékánná rẹ̀ dúdú bí òru. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò pariwo rárá. Ó gbé fóònù ka orí tábìlì, ó ní, “Ìwọ lo ya ọmọ mi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, “Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rí ìdí ọmọ mi. Mo rí itan rẹ̀. Orí ọmọ mi dà?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Iṣẹ́ ni.”

Ó ní, “Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, mo máa ń san án. Kí lo máa san?”

Mi ò ní èsì. Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí màmá yẹn bi mí. Orí la ń bẹ̀, orí la ń kí, orí là ń ṣàdúrà fún bí ọmọ bá dáyé. Kò sọ pé mo tú ọmọ òun síhòòhò. Aṣọ wà lára ọmọ náà. Ohun tó sọ ni pé mo mú ọmọ tó ní orí, mo dá a padà fún òun láìní orí. Fún bí oṣù kan, bí mo bá ti dùbúlẹ̀, “Orí ọmọ mi dà?” yẹn ni mo ń gbọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan mo mú báírò àti ìwé, mo ṣí fídíò náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 42 ni orin yẹn. Ọmọ náà wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 61. Ojú rẹ̀ hàn fún mẹ́rin. Olórin wà nínú rẹ̀ fún 118, ojú rẹ̀ sì hàn fún 103. Mo ṣí àwọn iṣẹ́ mi àtijọ́, mọ́kànlá, mo ka gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kankan tí obìnrin ti la ẹnu sọ gbólóhùn kan nínú mọ́kànlá náà. Wọ́n jókòó sórí mọ́tò, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n gbé ọtí fún ọkùnrin, wọ́n wo olórin, wọ́n sì jó. Èmi ni mo ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ka tiyín. Mo ti ń wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn fún ọdún púpọ̀ láìrí nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo kà á.

Mo wá rò pé mo ti rí àtúnṣe: aṣọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo gba iṣẹ́ orin ìyìn kan, mo sì wọ ìró àti bùbá fún gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀, gèlè dé ojú, ọrùn kò hàn. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá yọ̀, àwọn èèyàn ń kí mi pé mo fi ìtìjú sí i. Mo gbé e lọ sí Ìtòkú láti fi han ìyá àti ọmọ, bí ẹni gbé ẹ̀bẹ̀ lọ. Ọmọ náà ló wò ó parí. Ó ní, “Àǹtí, wọ́n wọṣọ lóòótọ́. Kí ni wọ́n ń ṣe?”

Mo tún un wò. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Obìnrin mẹ́fà tò sẹ́yìn olórin bí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Orí wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà nínú orí náà. Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi í yá mọ́ tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pariwo pé ìhòòhò ló ba fídíò jẹ́. Ìhòòhò wà nínú ẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ èèyàn lè fi aṣọ òkè bo obìnrin láti orí dé ẹsẹ̀ kó sì tún sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́ ilé.

Ní àkókò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kọ́ni níléèwé gíga fún mi ní ìdì ìwé kan tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, mo kà á pẹ̀lú omijé àti ìwé atúmọ̀-èdè. Laura Mulvey, ará Bìrìtìkó, ló kọ èyí àkọ́kọ́ lọ́dún 1975. Fíìmù Hollywood ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní ìwò mẹ́ta ló wà nínú fíìmù: ìwò kámẹ́rà, ìwò àwọn tó wà nínú eré, àti ìwò àwa tó jókòó tí à ń wòran. Ó ní wọ́n ti to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n lè pàdé lójú ọkùnrin: ọkùnrin ló ń wò, òun ló ń ṣe nǹkan tí ìtàn fi ń lọ, obìnrin ni wọ́n ń wò, tó bá sì ti dé, ìtàn á dúró kí a lè wò ó. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo rántí olórin tó jókòó tì mí, ojú rẹ̀ tí mo fi tẹ̀ lé ìdí ọmọ yẹn, mo sì rántí pé obìnrin ni mí. Níbẹ̀ ló ti yé mi pé ìwò tí wọ́n ń pè ní ti ọkùnrin kì í ṣe ẹyinjú ọkùnrin. Àpótí ni. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ inú rẹ̀, èmi sì ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan ò bára mu. Inú òkùnkùn gbọ̀ngàn sinimá ni ti Mulvey, inú máàrúwá láti Láfẹ́nwá sí Kútọ̀ ni tiwa, lórí fóònù, tí èèyàn mẹ́rin ń wò ó pọ̀ tí wọ́n sì ń dá sí i. Obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà kan, bell hooks, tó máa ń fi lẹ́tà kékeré kọ orúkọ ara rẹ̀, sọ lọ́dún 1992 pé irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gbàgbé àwọn obìnrin dúdú, àwọn tó ti ń jókòó síwájú àwòrán tipẹ́ tí wọ́n sì ń kọ̀ ọ́. Ó ní ìwò kan wà tó jẹ́ ìwò àtakò. Mo mọ ìwò yẹn. Ìyá mi kì í jókòó wo fídíò orin láìpòṣé. Á ní, “Ọmọ ta nìyí?” Mo máa ń rò pé ìbéèrè àgbàlagbà lásán ni.

Ìwé kẹta ló bá mi nílé gan-an. Ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́ lọ́dún 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí. Ó ní èrò àwọn òyìnbó gbára lé ohun tí ojú rí ju ohun mìíràn lọ, pé ara ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó mọ ipò tí wọ́n máa fi èèyàn sí. Ó ní láyé àtijọ́ láàárín Yorùbá, ta ló ṣáájú ta ló kẹ́yìn ló ṣe kókó, pé “ó” kan náà là ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Àwọn kan ò gbà fún un pátápátá. Bibi Bakare-Yusuf sọ pé bí èdè ò bá pín ọkùnrin àti obìnrin níyà, ìyẹn ò sọ pé ìgbésí ayé ò pín wọn. Lójú mi, àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ nípa etí, pé Yorùbá kì í fi ojú nìkan mọ èèyàn, à ń fi etí gbọ́ ọ pẹ̀lú. Àwọn baba wa náà yin ara obìnrin: ìbàdí àrán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, adúmáadán. Ṣùgbọ́n oríkì ni. Èèyàn á pe orúkọ rẹ̀, á pe orílẹ̀ rẹ̀, òun náà á máa gbọ́, á yíjú sí ẹni tó ń kì í. Ìbàdí àrán tó wà nínú oríkì ní ẹni tó ni ín. Èyí tí mo gé láago méjì òru ò ní.

Ẹ̀kọ́ yìí gùn mí, ó sì ṣì mí lọ́nà. Ní lokéṣọ̀n kan lọ́dún 2023, ọmọbìnrin kan fẹ́ jó bó ṣe máa ń jó, ìdí sì ni agbára ijó rẹ̀. Mo dá a dúró níwájú gbogbo èèyàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún un nípa iyì obìnrin. Ó jẹ́ kí n sọ tán. Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ bi mí ni?” Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ó ṣe tán, mo ti rí ara rẹ̀ kí n tó rí òun, bí mo ṣe ń ṣe látẹ̀yìn wá. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó gbà, ó sì sọ ohun tí òun ì bá fẹ́: pé kí wọ́n ya òun tán kí òun wò ó, kí òun sọ èyí tí wọ́n lè lò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni rí.

Ìtàn Abẹ́òkúta gan-an ì bá ti kọ́ mi, ká ní mo fetí sí i dáadáa nílé-ìwé. Gbogbo wa la mọ̀ pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin jọ, pé lọ́dún 1947 wọ́n lọ jókòó síwájú ààfin ní Aké nítorí owó-orí, wọ́n kọrin títí, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949 kó tó padà wá lẹ́yìn náà. Èyí tí mi ò mọ̀ ni ọ̀kan lára ẹ̀sùn wọn. Wọ́n ní bí ọmọbìnrin bá sọ pé òun ò tíì pé ọdún 15 tí wọ́n fi ń san owó-orí, àwọn agbowó-orí máa ń bọ́ ọ síhòòhò kí wọ́n lè fojú ara wọn wò ó bóyá ó ti dàgbà. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè wà tí èèyàn lè bi ọmọ náà, ìyá wà tí èèyàn lè bi, wọ́n yàn láti wo ara. Àwọn ìyá wa sì fi orin dáhùn, orin tó sọ̀rọ̀ ara láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀, láti ẹnu àwọn fúnra wọn, lójúde ọba.

Lẹ́yìn èyí ni mo padà sí Ìtòkú láti bẹ̀bẹ̀ kí n lè ya òmíràn. Màmá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní òun gbà, tí òun bá máa wà nídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí mo bá ń gé e. Mo ya ọmọ náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà mo yà á bó ṣe ń jó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kì í búlúù. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni, láti etí wọ àárín. Ọmọ náà gbé e sókè, ó ń wò ó, èmi sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń wò ó. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Mi ò gé e fún ìṣẹ́jú-àáyá 19, èyí tó gùn ju gbogbo ohun tí mo ti fi sílẹ̀ rí lọ.

Lálẹ́ tí a jókòó ti kọ̀ǹpútà, màmá ò fi bẹ́ẹ̀ wo àwòrán náà. Ó dijú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Fi ohùn rẹ̀ sókè, mi ò gbọ́ ọmọ mi.” Orin ni mo fi bo ohùn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Mo tún un ṣe.

Àwọn èèyàn tó wo fídíò yẹn ò pọ̀, mi ò ní purọ́. Oníbàárà mélòó kan ti fi mí sílẹ̀, wọ́n ní mo ti ń ṣe agídí. Ìwé ni mo fi ń ṣe nǹkan báyìí, ojú ewé kan péré, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì: aṣọ wo, ijó wo, ibo ni kámẹ́rà máa dúró, ta ló máa wo àwòrán kó tó jáde, iye owó, àti pé èyí tí a ò lò, a máa pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Orúkọ gbogbo ẹni tó bá jó ń jáde lẹ́yìn orin, àyàfi tí kò bá fẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí wọ́n bá pè, ẹ ní kí wọ́n gbé mọ́nítọ̀ síbi tí ẹ ti lè rí i. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń yà. Ẹ má sì gba owó ọwọ́ láìsí ìwé, kódà kó jẹ́ obìnrin bíi tiyín ló wá pè yín. Obìnrin ni mí nígbà yẹn náà.

Mo bẹ olórin yẹn kó yọ fídíò àkọ́kọ́ kúrò. Ó yọ ọ́ lójú ewé tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gbé e kiri. Sítíkà náà ṣì ń rìn. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rárá fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá.

Ọmọ náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bàtá báyìí, lọ́jọ́ọjọ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n wá ya àwọn. Mo to kámẹ́rà, mo gbé mọ́nítọ̀ fún un. Ó wò ó, ó wo àwọn ọmọ tó tò síwájú, ó tún wò ó. Ó ní, “Àǹtí, ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i.” Mo gbé e sókè.